Ẹ̀gbọ́n Tó Jáde Lẹ́yìn Mi

Ìbejì ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ẹnì kejì mi tẹ̀lé mi, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ló rán àbúrò pé kó lọ tọ́ ayé wò. Látìgbà tá a wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ ọkùnrin mùsùlùmí kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun, ó sì ń ránṣọ níbẹ̀. Èmi dúró sí Ọ̀yọ́, mò ń ṣe tíṣà, mo sì ń kọ́ àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìgbọ́wọ́lé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni pé inú Màríà kọ́ ni Jésù ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà pẹ̀lú Baba kí ohunkóhun tó wà, Ọlọ́run sì ni.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nígbà Iléyà ọdún tó kọjá. Ibi tó ti ń gé ẹran ló ti bi mí pé, "Ẹni tí wọ́n bí, tó mu ọmú, báwo ló ṣe ti wà kí ayé tó wà? Ṣé ọmọ lè bá bàbá ẹ̀ dọ́gba ni?"

Ẹnu mi yá. "Ìwọ náà ńkọ́? Ẹ̀yìn mi lo jáde, ìwọ sì ni ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ téèyàn yọjú sáyé kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó dáa. Tó o bá gbà á gbọ́ lóòótọ́, kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ẹ. Tó o bá kúnlẹ̀, màá jókòó, màá gbọ́ ti Jésù ẹ dópin."

Kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo ṣáájú dáyé? Mo gbé báàgì mi, mo wọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì pé Ọlọ́run ayérayé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ èèyàn! Mi ò pè é lórí fóònù mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ pè mí láàárọ̀ pé, "Ẹ máa bọ̀, ara rẹ̀ ò yá díẹ̀." Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń tètè sin òkú wọn nìyẹn. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kí i bí ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Mo ṣì ń kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Jésù ti wà látayébáyé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń pa mí lára, torí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé báàgì. Mi ò rí àdúrà kankan gbà mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní ká kúnlẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀.