Ọta Tí Wọ́n Ń Gé Jẹ

Òórùn egbò ẹsẹ̀ bàbá mi ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ ní Ìdòfin, òun àti òórùn omi iyọ̀ gbígbóná àti òrí. Yèyé mi á kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, á máa fi òwú nu ojú egbò náà. Bàbá á kọjú sí ògiri, kò ní pariwo. Ogun abẹ́lé ló ti gbé e wálé, pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́ tí àwọn dókítà ojú ogun kò rí yọ tán. Bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, egbò náà á tún là.

Dókítà ọsibítù míṣọ́nnárì ti ní kó wá, kí wọ́n la ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n yọ irin tó kù. Ó kọ̀. Ẹbí bẹ̀ ẹ́, àlùfáà ìjọ wa bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Yèyé a máa sọ pé, "Egbò tá a bá faṣọ bò, abẹ́ aṣọ ló ti ń jinlẹ̀." Àwọn kan ládùúgbò ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé irú sójà wo ló ń bẹ̀rù abẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dùn mí dé egungun.

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "Bite the bullet." Ó ní ká túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan ní, "Gé ọta ìbọn jẹ," gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, a ń bi ara wa léèrè ta ni eyín rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwọn àgbà sọ fún òun ni pé, láyé àtijọ́, kí abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú tó dé, bí wọ́n bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ sójà, wọ́n á ki ọta ìbọn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó máa gé e jẹ kó má baà kígbe. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ní láti fara da ohun tí kò ṣeé sá fún.

Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi lọ sílé. Nígbà tí mo dé, Bàbá ń gbẹ́ ẹ̀rùkọ́ lábẹ́ igi ọsàn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí tíṣà kọ́ wa, mo wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ọta ni wọ́n fún ẹ̀yin náà gé jẹ?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ẹ̀rùkọ́ náà sílẹ̀.

"Òògùn apàrora tán lọ́wọ́ àwọn dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ irin lẹ́sẹ̀ mi," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Tápà, Ndako lorúkọ rẹ̀. Apá rẹ̀ ló ki bọ̀ mí lẹ́nu. Mo gé e jẹ títí eyín mi fi kan egungun, kò fà á yọ. Ìgbà tí mo máa fi lajú, wọ́n ti kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. N kò mọ̀ bóyá apá náà jiná. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní bá mi jẹ ìrora mi mọ́."

Yèyé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òun náà kò gbọ́ ọ rí. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Fúnmi, abẹ́rẹ́ ti wà báyìí. Ẹ máa sùn ni."

"Bí n kò bá sùn ńkọ́?"

"Apá tèmi wà níbẹ̀."

Bàbá mi sunkún. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní kí n tún gbólóhùn Òyìnbó tí tíṣà kọ́ wa pè fóun gbọ́. Mo pè é. Òun náà gbìyànjú, kò bọ́ sí i lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì tì í wọlé. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n egungun ti bàjẹ́ jù, ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Igi ló fi ń rìn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bó bá pàdé ẹnikẹ́ni tó ti ìhà Bídà wá, á béèrè Ndako lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí, mo sì ti dàgbà ju bí Bàbá ti rí nígbà náà. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n máa ń sọ gbólóhùn Òyìnbó yẹn bí owó oṣù bá pẹ́. Èmi kì í lè sọ ọ́. Ní kékeré, mo máa ń gbàdúrà pé kí n lè fara da ìrora láìkígbe bíi Bàbá. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin Yèyé, mo ti wá rí i pé ẹni tí ara ń ro kò níbi tó lè sá sí. Ndako níbi tó lè sá sí, kò sì lọ. Òun ni mo fẹ́ jọ báyìí. Bí mo bá jókòó ti aláìsàn, mo máa ń na ọwọ́ mi sí i, ẹ̀rù á sì kọ́kọ́ bà mí kó tó dì í mú.