Igun Òrùlé Tí Ọkọ Aránṣọ Fi Sílẹ̀

Tí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ ní ẹ ń wá Aránṣọ, ẹni tí ẹ bá bi á kọ́kọ́ na ìka sókè. Ẹ má rò pé ọ̀run ló ń júwe fún yín o. Òrùlé ló ń nà án sí. Ilé kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò tí wọ́n gbé òkúta mẹ́ta lé orí páánù rẹ̀, ní igun ọwọ́ ọ̀tún, bí ààrò tí wọn ò dáná sí rí.

Ọdún kọkànlá rèé tí òkúta náà ti wà níbẹ̀, ọkọ Aránṣọ ló sì gbé e síbẹ̀. Káfíńtà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kan òrùlé ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ku páánù kan péré kó parí. Ibi tó ti ń wá páánù yẹn ni iṣẹ́ ti yọ nílùú òkèèrè: ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní kó wá fi oṣù mẹ́ta bá àwọn kan òrùlé. Ló bá fi ògbólógbòó páánù dí igun náà, ó gbé òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ó wá kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ látorí àkàbà pé, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kàn án o. Tí mo bá dé, màá parí ẹ̀ fúnra mi."

Oṣù mẹ́ta! Oṣù mẹ́ta wo? Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń pè, ó sì ń fi owó ránṣẹ́. Lọ́dún kejì, ó ń pè. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Aránṣọ nìkan ló ń pè. Ó pè, ó pè, títí di ọjọ́ kan tí ọmọ kékeré kan gbé fóònù náà tó ní, "Ta lẹ ń wá?" Aránṣọ pa fóònù, kò sì pè mọ́.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń tù ú nínú. Wọ́n á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko, á dé." Nígbà tó yá, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní kó gbàgbé ọkùnrin yẹn jàre. Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Kò tíì parí ilé ẹ̀. Ṣé káfíńtà gidi á pa irú iṣẹ́ yìí tì ni?"

Ẹ má fojú òmùgọ̀ wo obìnrin yìí o. Ó mọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Àárò ọkùnrin náà ló ń sọ ọ́, kò sì fi bò. Tó bá gbọ́ òòlù níbì kan ládùúgbò, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á máa tẹ́tí. Lọ́kàn tiẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí igun yẹn bá ṣì ṣí sílẹ̀, ọkùnrin náà ṣì ní nǹkan tó máa bá wá sílé. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá kàn án, ó tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òjò ò mọ ẹni tó ń retí ọkọ. Òjò ọdún yìí fi ìbínú rọ̀. Ó jò sára aṣọ oníbàárà, Aránṣọ tọrọ àforíjì. Ó jò sórí ibùsùn, ó gbé ibùsùn kúrò. Ó wá jò sínú máṣíìnì tó ń lo iná, iná sì gbé e láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré dé. Ó wo apá ìyá rẹ̀, ó wo òkè, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ yan ọ̀kan. Ẹ pe káfíńtà, tàbí kí n wá kó yín lọ sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí n ti ilé? Tí bàbá ẹ bá wá dé ńkọ́?"

Aránṣọ rò ó títí. Ọkọ tó dé tó bá igun tí wọ́n ti kàn, á kàn bínú ni, ṣùgbọ́n èyí tó dé tó bá ilẹ̀kùn ní títì á padà. Bó ṣe ránṣẹ́ pe káfíńtà nìyẹn.

Ológbò ni wọ́n ń pe káfíńtà ọ̀hún, torí pé kò já bọ́ láti orí òrùlé rí. Tó bá jẹ́ ológbò ni lóòótọ́, èyí tó ti jẹ eku yó ni, nítorí ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé orí àkàbà. Ó gùn ún, ó gbé àwọn òkúta kúrò, ó ṣí ògbólógbòó páánù náà wò, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Kò mú òòlù.

"Màmá, ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kàn o! Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ má bínú. Tí wọn ò bá tíì kú, mo gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. A kì í já iṣẹ́ gbà mọ́ káfíńtà lọ́wọ́. Tó bá jò lọ́la, ta la fẹ́ dì mú, èmi àbí àwọn? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn."

Aránṣọ fẹ́ purọ́ pé kò sí nọ́ńbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ó kà á fún un látorí, kò wo ìwé rárá.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, torí náà Ológbò tún gùn ún lọ. Ó gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè wọn igi. Kò rò ó pé ihò yẹn ń da gbogbo ọ̀rọ̀ sínú yàrá.

"Ta nìyẹn?"

Aránṣọ gbójú sókè sí ihò náà. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Ó ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni.

"Káfíńtà ẹgbẹ́ yín ni, ọ̀gá. Òrùlé ilé yín ni wọ́n ní kí n parí, igun ọ̀tún tí ẹ gbé òkúta lé. Mo ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè."

"Igun wo? Háà! Èyí tí mo fi páánù dí? Ṣé wọn ò tíì kàn án ni? Mo rò pé wọ́n ti kàn án tipẹ́!"

"Wọn ò tíì kàn án, ọ̀gá."

"Ẹ kàn án jàre. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni o, ẹ má ra méje. Igi ìsàlẹ̀ yẹn wọ́ díẹ̀, ẹ fi pátákó tì í."

Aránṣọ di téèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ rántí igi tó wọ́. Ó kù kó rántí èèyàn. Aránṣọ ń retí.

Ológbò náà ò tètè pa fóònù. "Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ kí n bá yín sọ nílé, ọ̀gá?"

"Rárá. Ó dàbọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin oníkùn ńlá náà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ Aránṣọ ló ń wò.

"Wọ́n ní kí n kàn án, Màmá. Wọ́n kí yín o. Wọ́n béèrè yín gan-an ni, wọ́n ní kí ẹ máa tọ́jú ara yín."

Aránṣọ wò ó. Òógùn bo ojú rẹ̀. Irọ́ náà ò mọ́ ọn lẹ́nu rárá, ó kàn fi àánú pa á ni.

"Ẹ ṣeun, káfíńtà. Ẹ lọ kàn án. Ẹ kàn án kó le."

Bí òòlù ṣe bẹ̀rẹ̀ lókè ni Aránṣọ dorí kodò sórí tábìlì tó ké. Kì í ṣe ẹkún àsunsínú. Ẹkún ọdún mọ́kànlá ni, ó sun ún sókè, ó ń pe ọkùnrin náà lórúkọ, ó ń sọ fún un pé àárò rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa òun. Òòlù ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyàwó káfíńtà ni Aránṣọ. Ó mọ ohùn ìṣó tó ń wọ igi, ó sì mọ ohùn èyí tó ti wọlé tán. Nígbà tó yá, nínú ẹkún náà, ó gbọ́ pé gbogbo ìṣó ti wọlé. Síbẹ̀ òòlù ò dúró. Ológbò ń lu ìṣó tí kò nílò lílù mọ́, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń tún wọn lù láti ìbẹ̀rẹ̀, títí obìnrin tó wà nísàlẹ̀ fi sunkún tẹ́rùn.