Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹni Tó Jẹ Mí Lówó Oṣù

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, owó oṣù kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Kí oṣù tó parí, ó ti dé báǹkì. A ó wọ mọ́tò lọ gbà á ní Ọ̀yọ́, a ó ra búrẹ́dì bọ̀ wá sílé, àwọn ọmọ á sì ti máa dúró lójú ọ̀nà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ayé. N ò mọ̀ pé lọ́jọ́ ogbó mi, n óò máa ti Fìdítì lọ sí Ìlọrà lọ tọrọ owó iṣẹ́ tí mo ti ṣe tán.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní iléèwé aládàáni kan ní Ìlọrà. Ẹni tó ni iléèwé náà wà lára àwọn ọmọ tí mo kọ́ nígbà tí irun orí mi ṣì dú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí nílé pé iléèwé òun nílò àgbà. Nígbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́, mo dágbére fún wọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó gbẹ̀yìn, odidi sáà ẹ̀kọ́ kan, wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀.

Ǹ bá fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bí kì í bá ṣe ti ojú ìyàwó mi. Ọ̀kan ti fọ́ tipẹ́. Awọ funfun kan ń bo èkejì bọ̀, débi pé ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri kó tó dé ilé ìdáná. Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú kì í sábà wá sí ọsibítù tí a ń lọ. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé bí a kò bá san owó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè wa. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò kọjá oúnjẹ àti oògùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé, bí ọkùnrin náà bá ti fojú kàn mí, yóò dọ̀bálẹ̀. Gbalaja ni o, àyà kan ilẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Tíṣà mi, ẹ dárí jì mí." Bí àgbà bá rí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ báyìí, kí ló tún kù ju kó ní kó dìde? Èmi náà á sọ pé, "Dìde, ọmọ mi, ó ti tó." Yóò dìde, yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó ti san gbèsè. Mọ́tò ni n óò tún lọ wọ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ kan tí mo sọ fún un lẹ́bàá ọ̀nà pé kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wá gbà, obìnrin kan tó ń kọjá lọ dá sí i: "Háà, bàbá! Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún yín, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe? Ṣé kó wọnú ilẹ̀ ni?" Ojú tì mí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ gbèsè.

Ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá gba èsì ìdánwò àwọn ọmọ wọn ni mo tún lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ pupa àgbàlá náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, ó ń kí àwọn èèyàn. Bó ti rí mi lẹ́nu géètì, ó sáré wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́!" ni ẹnì kan wí.

Mo fi ọ̀pá mi ti ara mi.

"Bàbá mi, mo kí yín o."

N ò dáhùn.

Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Sà, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Mo rí wọn."

Ó lè dìde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn òbí tó ti sọ fún pé ìwà ọmọlúàbí la fi ń kọ́ ọmọ níbí, báwo ni yóò ṣe dìde nígbà tí àgbà kò tíì dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ náà, "dìde", ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Alhaji kan tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sún mọ́ mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ ní kó dìde."

"Alhaji, ẹ bá mi bi í pé kí ló ń bẹ̀ mí fún."

Alhaji wo ilẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe fún bàbá?"

"Owó oṣù wọn ni, sà. Èyí tó kẹ́yìn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Owó iléèwé tí à ń san ńkọ́? Ta ló ń gbé e mì?"

Láti inú ẹrẹ̀ níbẹ̀ ló ti ké sí obìnrin tó ń bá a gba owó pé kó fi owó mi ránṣẹ́ kíá. Obìnrin náà mú fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè, ó rìn lọ sídìí ògiri, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Gbogbo wa ń dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè ní kó dìde kí owó tó dé, ojú ìyàwó mi ti lọ nìyẹn.

Fóònù mi dún. Mo fi han Alhaji. Ó kà á, ó ní owó náà ti wọlé.

"Dìde," ni mo wí.

Ó dìde. Ẹrẹ̀ ti pa aṣọ rẹ̀ láró láti àyà dé orúnkún. "Ẹ ṣeun, sà," ló sọ. Kò pè mí ní bàbá.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wá jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, bàbá wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ yẹn, tó máa ń wá jẹun níbí nígbà tó wà ní kékeré." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde, ó sì ní kí n bá òun wá aṣọ tó mọ́ tí òun yóò wọ̀ lọ sí ọsibítù.