Kúérì tí Bàbá Ẹkúndayọ̀ Kọ sí Pétérù

Ọjọ́ tí Bàbá Ẹkúndayọ̀ kọ kúérì, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń bi òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, sí Àpọ́sítélì Pétérù ni gbogbo Dopemu mọ̀ wọ́n. Ibi ẹ̀kọ́ Bíbélì ni. Bàbá dìde, wọ́n húkọ́ díẹ̀, wọ́n sì kà á ketekete, bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Àgídìngbì:

"Sí Pétérù. O sẹ́ Ọ̀gá rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Jòhánù dúró títí dé ìdí àgbélébùú. Báwo ni kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run ṣe dé ọwọ́ rẹ? Fèsì kí wákàtí méjìdínláàádọ́ta tó pé."

Pásítọ̀ Rachael bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ni yóò bá yín fi jíṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́?"

Gbogbo ìjọ mọ ibi tó ń dun Bàbá. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ Bùrọ̀dá Fọláhàn ni Pásítọ̀ fi ṣe olórí àwọn alàgbà. Fọláhàn kẹ̀! Nígbà tí atẹ́gùn ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni Fọláhàn sá lọ. Ìgbà tí ìjọ kan sílíìnì tán ni wọ́n rántí ọ̀nà ilé.

"Pásítọ̀, ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, Ọlọ́run kì í ka ọdún iṣẹ́ bí iléeṣẹ́ yín."

"Áà! Àwọn áńgẹ́lì ì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́!"

Lọ́jọ́ kan, ìjọ ń wàásù ní Abúlé Ẹ̀gbá nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú aláriwo já dé bá wọn. Ọ̀kan kọjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ̀yin wà lára wọn?"

"Èmi? Mi ò mọ̀ wọ́n rí!"

"Gbohùngbohùn wọn ló wà lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú ni!"

"Aṣọ yín bá tiwọn mu."

"Ọjà kan náà la ti rà á!"

Ni Bùrọ̀dá Fọláhàn bá jáde síwájú. "Èmi ni olórí wọn. Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀, èmi ni kí ẹ mú."

Wọ́n mú Fọláhàn lọ sí ọ́fíìsì wọn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bàbá ti dúró sẹ́nu géètì ọ́fíìsì náà láti ọ̀sán, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Wọ́n yọ fìlà. "Alàgbà," ni wọ́n wí. Wọn ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Pásítọ̀ lé mi."

Fọláhàn gbá wọn mọ́ra. "Bàbá, bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ti sá rí máa lọ, ta ni yóò ṣẹ́ kù?"

Ní ẹ̀kọ́ Bíbélì tó tẹ̀ lé e, Bàbá dìde. "Pétérù ti fèsì," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó.

Nígbà tí àìsàn tó mú Bàbá lọ dé, Fọláhàn nìkan ni wọ́n ní kó wá gbàdúrà fún wọn. "Ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n o," ni Bàbá wí. Àdúrà náà gùn tó wákàtí kan gbáko. Bàbá ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.