Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Aránṣọ Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agége, bàbá mi ní ọkọ̀ àlòkù kan tí wọ́n fi ń gbé àwọn oníṣòwò obì lọ sí Ìkẹjà. Ọkọ̀ yẹn ni gbogbo wa ń jẹ. Lọ́dún kan, nígbà òjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣíná láàárọ̀. Bàbá mi á fi irin yí ẹ́ńjìnnì níwájú títí òógùn á fi bò wọ́n, pàbó ló máa ń já sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ìfura ṣe wọlé nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Gbogbo àárọ̀ ló ń yin ọkọ̀ náà. Kí ló fẹ́ fi ìyìn ṣe? Èmi gan-an ni mo ṣàkíyèsí pé ó dìgbà tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn ti mú, kí ọkọ̀ tó ṣíná. Mo sáré sọ fún bàbá mi.

Wọ́n mi orí. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Wọ́n gba hàǹtú lọ́wọ́ àfáà, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà. Mímu ni àfáà ní kí wọ́n máa mu ún, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ọkọ̀ ni ọ̀tá ń bá jà. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dà á sórí ẹ́ńjìnnì. Ṣíṣíná ọkọ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi bá onílé sọ ọ́, onílé sì lé aránṣọ. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, ó dàbọ̀ o."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ tún kọ̀. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá láti Ìkẹjà fọwọ́ kan wáyà, omi ń kán tótó.

"Bàbá, òjò ń gba ibi tó ti dípẹtà yìí wọlé. Àmọ́ eléyìí pọ̀ ju òjò lọ. Ta ló ń da omi síbí? Oòrùn ló ń bá yín mú un gbẹ kó tó ṣíná."

Bàbá mi fà mí lọ́wọ́, a jáde. A wá aránṣọ náà dé Ọgbà, dé Òpèbí, a ò rí i. Ojú ń tì mí dòní.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ ni ẹ fi ń yẹ ọkọ̀ wò báyìí, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọkọ̀ ọmọ mi kọ̀ tí kò ṣíná, ojú fèrèsé aládùúgbò ni mo kọ́kọ́ wò.