Àpótí Tí Ń Gbé Ohùn Sókè

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, ó ń nu àpótí kékeré tí ń gbé ohùn míkírò, ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí, sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ifangni. Ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, kò ní bù yín jẹ." Òórùn eruku gbígbóná inú àpótí náà gbé mi padà sí àgbàlá bàbá mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí òun náà ní irú àpótí yìí.

"Ki okùn yẹn bọ ihò," ni bàbá mi wí. Mo ki okùn àpótí náà bọ ihò míkírò lára ẹ̀rọ tí ń da ohùn pọ̀. Báfù, àpótí ńlá tí ohùn ń gbà jáde, bú ramúramù, adìẹ fò gun ògiri, báfù sì dákẹ́. Mo tọ̀ sára. Mo rò pé mo ti pa ohun alààyè kan nínú rẹ̀. "Ọmọ yìí ló bà á jẹ́," ni bàbá mi sọ fún gbogbo ilé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi ni kò rẹ ohùn sílẹ̀, tí kò sì sọ fún mi pé ihò míkírò kọ́ ló yẹ kí n lò. Láti ọjọ́ tí báfù náà bàjẹ́, n kò fọwọ́ kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi ló ń bójú tó o.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó ti àpótí náà. Mo rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀, mo ki okùn bọ ihò tó wà fún ohùn tí a ti gbé sókè tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí mo fi gbọ́ ohùn akọrin kan láti inú báfù: "Ẹ káàárọ̀ o."