Màmá Nọ́ọ̀sì Tó Gbà Kí N Má Ṣe Dókítà

Ó dìgbà kan ná, Màámi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọlọ́fà, abiyamọ tó gbẹ̀bí fún ọmọ ọlọ́mọ ní Sùúrùlérè títí irun fi funfun, ẹ ti lọ, ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. N kò ní fi ẹwà èdè bò ó: ó dùn mí gan-an ni.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ yín sí Màmá Nọ́ọ̀sì. Dókítà ni wọ́n ń pe èmi, nítorí orúkọ tí ẹ fún mi nìyẹn látìgbà tí mo ti ń rá. N kò tíì mọ ìwé kà tí àwọn aládùúgbò ti ń gbé ọmọ wọn tó ń wúkọ́ wá, tí wọ́n á máa fi mí ṣeré pé kí Dókítà fọwọ́ kàn án. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, inú yín á sì dùn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo fẹ́ràn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, mo sọ fún yín pé ìmọ̀ ìṣirò ètò ìṣúná ni mo fẹ́ kọ́, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ bá mi jà á dáadáa. Ẹ ní àwọn èèyàn á sọ pé irọ́ lẹ ti ń pa fún wọn látọjọ́ yìí wá. Ẹ ní ṣé kí n lọ máa jókòó sí kanta báńkì ni. Bàbá mi bẹ̀ yín títí, ẹ ò gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọbẹ̀ ilé wa kò tilẹ̀ níyọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pè mí sí kíṣìnnì níbi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ ní, "Ẹni tó kọ́ nǹkan yìí, tó bá jí láàárọ̀, kí ló ń lọ ṣe?" Mo ṣàlàyé pé irú wọn ló ń bá àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ṣírò ewu tó wà níwájú, kí owó àgbàlagbà má baà wọgbó. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà tán kí ẹ tó fèsì. Ẹ ní, "Ohun tí èmi náà ń ṣe ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Kí n tètè rí ewu, kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Lọ kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ ń bẹ gbogbo ẹni tí ẹ ti fi Dókítà kọ́ lẹ́nu pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa pè mí ní Tinúkẹ́. Wọ́n bi yín pé kí wá ni mò ń lọ kọ́. Ẹ ní kò tíì yé yín tán, ṣùgbọ́n ó yé ọmọ. N kò mọ ìyá mélòó tó lè gbé irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rù tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tí mo gboyè tán, ẹ̀yin lẹ ń jí mi kí n lè tètè lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ẹ tún máa ń jókòó sí pálọ̀ bí ọ̀gá tó fẹ́ gbani síṣẹ́, ẹ ó fojú le, ẹ ó ní kí n ṣàlàyé ewu owó fún yín ní Yorùbá. Bí mo bá ń kólòlò, ẹ ó ní kí n jáde, kí n tún kanlẹ̀kùn wọlé.

Àìsàn wá dé. Bí mo ṣe jókòó tì yín ní ọsibítù, mo sunkún, mo ní ká ní mo gbọ́ tiyín ni, dókítà ì bá wà nínú ilé wa. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú. Ẹ ní, "Dókítà kún ibí. Ọmọ mi ni mò ń wò."

Màámi, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Owó àwọn nọ́ọ̀sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí n máa bá wọn ṣọ́, n ó sì ṣọ́ ọ tọkàntọkàn. Ẹ̀yin ti ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi rẹ̀ yín. Ó wá kù sọ́wọ́ mi. Ẹ sùn re o, Àbẹ̀kẹ́.

Ọmọ yín,
Tinúkẹ́